Ohun Tí Mẹ́tọ́ọ̀dù Ń Béèrè: Àyẹ̀wò Ìwé Effective Java ti Joshua Bloch

Nínú iṣẹ́ kóòdù kíkọ, ìwé kì í pẹ́ di ohun àtijọ́. Effective Java tí Joshua Bloch kọ kò bá wọn lọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2001, èkejì ní 2008, ẹ̀kẹta sì dé ọjà ní ìparí ọdún 2017; títí di òní, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fi lé ọmọṣẹ́ tuntun lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn 90 ló wà nínú ẹ̀dà kẹta yìí, tí wọ́n pín sí orí 11 lẹ́yìn orí ìṣáájú. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń sọ. Bloch ló ṣáájú iṣẹ́ tó bí List, Set àti Map, àwọn ohun tí Java fi ń kó nǹkan jọ, nígbà tó wà ní Sun Microsystems, ó ṣiṣẹ́ ní Google lẹ́yìn náà, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Carnegie Mellon. Orí kẹjọ ìwé náà, ìmọ̀ràn 49 sí 56, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò jù níbí, torí ibẹ̀ ló ti kọ́ni bí a ṣe ń ṣètò mẹ́tọ́ọ̀dù tí ẹlòmíràn yóò máa pè.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kì í kọ kóòdù. Láíbúrárì ni kóòdù tí ẹnì kan ti kọ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè máa lò ó láìtún un kọ. Mẹ́tọ́ọ̀dù ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí láíbúrárì náà lè báni ṣe. Ojú mẹ́tọ́ọ̀dù ni ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀: orúkọ tó ń jẹ́, ohun tó ń gbà, àti ohun tó ń dá padà. Nínú èdè bíi Java, gbogbo ohun tí mẹ́tọ́ọ̀dù bá ń gbà ló ní irú tirẹ̀, tí à ń pè ní táìpù: nọ́ńbà ni àbí ọ̀rọ̀, ọjọ́ ni àbí owó. Kọ̀ǹpáílà, ìyẹn sọ́fítíwia tó ń yí kóòdù padà sí ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, máa ń yẹ táìpù wọ̀nyí wò. Bí ẹni tó pe mẹ́tọ́ọ̀dù bá fi ohun tí kò yẹ lé e lọ́wọ́, kóòdù náà kò ní kọjá.

Mo ka ìwé yìí pẹ̀lú Gamkalley lọ́kàn. Gamkalley jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Niamey, létí Odò Ọya, abúlé tí ìlú ńlá dàgbà bá. Ká ní ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ áàpù fún ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́. Zarma tàbí Hausa ló ń sọ nílé, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní yunifásítì, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n fi kọ gbogbo àlàyé láíbúrárì tó ń lò. Ẹni tó kọ láíbúrárì náà lè wà ní Lagos tàbí San Francisco, kí àwọn méjèèjì má sì pàdé títí ayé. Àlàyé yẹn lè má yé e tán. Ó lè má ráyè kà á pàápàá. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má bá ojú mẹ́tọ́ọ̀dù pàdé, torí kọ̀ǹpáílà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé gbogbo ohun tí ẹni tó ń pe mẹ́tọ́ọ̀dù lè ṣì mú ló yẹ kó hàn lójú mẹ́tọ́ọ̀dù náà. Òṣùwọ̀n tí mo fi wọn ìwé Bloch nìyẹn.

Lọ́nà púpọ̀, ìwé náà kún òṣùwọ̀n ọ̀hún. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù nínú ìmọ̀ràn 51 kéré lójú. Ká ní a fẹ́ ṣe ohun tó ń wọn ooru nínú kóòdù. A lè kọ mẹ́tọ́ọ̀dù tó ń gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹni tó ń pè é wá kọ ọ́ báyìí:

Thermometer.newInstance(true)

Kí ni true yẹn ń sọ? Ṣé Celsius ni àbí Fahrenheit? Ẹni tó ń ka kóòdù náà kò lè mọ̀ àfi tó bá lọ tú láíbúrárì wò. Bloch ní kí a ṣe táìpù kékeré kan tí orúkọ méjì péré wà nínú rẹ̀, kí ìpè náà wá di:

Thermometer.newInstance(TemperatureScale.CELSIUS)

Ó parí. Ẹni tó bá kà á mọ ohun tó wí lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ ki nǹkan mìíràn bọ ibẹ̀, kọ̀ǹpáílà yóò dá a dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ fi Kelvin kún un lọ́la, àyè ti wà fún un. Ohun tí mo yìn nínú ìmọ̀ràn yìí ni pé kò gba ọgbọ́n àrà. Sùúrù ló gbà, kí ẹni tó ń kọ láíbúrárì lè ro ti ẹni tí kò rí.

Ohun kejì tó wú mi lórí ni òtítọ́ inú òǹkọ̀wé náà. Kò fi àṣìṣe Java pamọ́, títí kan èyí tó kan iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣáájú. Nínú ìmọ̀ràn 52, ó kó nọ́ńbà láti -3 dé 2 sínú Set kan àti List kan, ó wá ní kí àwọn méjèèjì yọ 0, 1 àti 2 kúrò. Set ṣe bó ṣe yẹ: -3, -2 àti -1 ló ṣẹ́ kù. Ohun tó ṣẹ́ kù nínú List ni -2, 0 àti 2. Mẹ́tọ́ọ̀dù méjì ló ń jẹ́ remove nínú List. Ọ̀kan ń yọ ohun tí a bá dárúkọ, èkejì, èyí tí Java yàn níbí, ń yọ ohun tó bá wà ní ipò tí a dárúkọ. Kí Java 5 tó dé ní ọdún 2004, táìpù tí wọ́n ń gbà jìnnà síra, kò sì sí ẹni tó ń ṣì wọ́n mú. Ìgbà tí Java wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nọ́ńbà lásán di Integer fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ààlà àárín wọn pòórá. Èdè náà tẹ̀ síwájú, List sì fara gbá a. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n: bí iṣẹ́ mẹ́tọ́ọ̀dù méjì bá yàtọ̀, orúkọ wọn náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kódà bí táìpù wọn kò bá tíì jọra lónìí.

Ẹ̀kẹta ni ìkìlọ̀ rẹ̀ lórí iye ohun tí mẹ́tọ́ọ̀dù ń gbà. Ó ní kó má ju mẹ́rin lọ, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé èyí tó burú jù ni kí àwọn tí táìpù wọn jọra tò tẹ̀ léra. Ẹni tó bá ṣì wọ́n tò, kóòdù rẹ̀ yóò kọjá, yóò sì ṣiṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ tí a kò rán an ni yóò ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbé e dé ṣọ́ọ̀bù Gamkalley:

firanse(String olufiranse, String olugba, long iye)

Bí olùkóòdù bá fi nọ́ńbà fóònù olùgbà sí ipò ti olùfiránṣẹ́, ẹni tó yẹ kó gba owó ni wọn yóò yọ owó lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpáílà kò ní wí nǹkan kan, torí String, ìyẹn táìpù ọ̀rọ̀, ni àwọn méjèèjì. Ìdájọ́ Bloch lórí irú ojú mẹ́tọ́ọ̀dù báyìí tọ̀nà, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ láíbúrárì ìsanwó há a sórí.

Mo kàn fẹ́ mẹ́nu ba àwọn ìmọ̀ràn mìíràn tó dára. Ìmọ̀ràn 54 ní bí kò bá sí nǹkan láti dá padà, kí a dá àkójọ òfìfo padà dípò null, kí ẹni tó pe mẹ́tọ́ọ̀dù má baà kọlu ohun tí kò sí. Ìmọ̀ràn 31, tó dá lórí bí mẹ́tọ́ọ̀dù kan ṣe lè gba àkójọ oríṣiríṣi táìpù tó bára tan, ló le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin tó fi tì í lẹ́yìn gbayì: bí ẹni tó ń lo láíbúrárì bá ní láti ronú lórí àwọn ààmì tí wọ́n fi ń kọ irú táìpù bẹ́ẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí láíbúrárì náà ní àbùkù. Ẹni tó kọ ọ́ ni kó ru ẹrù náà.

Ibi tí èmi àti ìwé náà ti yapa ni ọ̀rọ̀ owó. Ìmọ̀ràn 60 sọ pé kí a má fi double, táìpù nọ́ńbà tó ní ìdá, ṣírò owó, ó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn: bí a bá yọ 0.42 kúrò nínú 1.03 ní double, 0.6100000000000001 ló ń jáde. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Àbá tó tẹ̀ lé e ni pé kí a lo BigDecimal, tàbí kí a ka owó ní sẹ́ǹtì pẹ̀lú int tàbí long, táìpù nọ́ńbà odidi méjì: int bí iye náà kò bá ju díjíìtì 9 lọ, long bí kò bá ju 18 lọ. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn náà dúró sí, kò ní kí a so iye owó mọ́ orúkọ owó nínú táìpù kan náà. Fún ẹni tí dọ́là nìkan ń kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè tó.

Kò tó ní Niamey. Faranki sẹ́fà tí orílẹ̀-èdè 8 jọ ń ná, Niger, Benin àti Togo lára wọn, kò ní ìdá kankan nínú ISO 4217, ìlànà àgbáyé fún orúkọ owó: kò sí òǹkà lẹ́yìn ààmì désímà. Náírà tí ń ṣe kọ́bọ̀ 100 ní méjì. Nítorí náà, long tó jẹ́ 5000 ń jẹ́ 5,000 faranki nínú láíbúrárì kan, ó sì ń jẹ́ 50 náírà nínú òmíràn tó ń ka kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ ìsanwó Stripe, fún àpẹẹrẹ, yà sẹ́fà sọ́tọ̀ pẹ̀lú yen Japan sínú àwọn owó tí a kì í fi 100 sọ di púpọ̀ kí a tó fi ránṣẹ́ sí i. Olùkóòdù tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ dọ́là, tó bá ṣe bó ṣe máa ń ṣe, yóò béèrè 500,000 faranki lọ́wọ́ oníbàárà tó ra ọjà 5,000. Òfin náà wà nínú àlàyé. Kò sí lójú mẹ́tọ́ọ̀dù, torí ohun tó wà níbẹ̀ kò ju nọ́ńbà lọ. Níbi tí náírà àti sẹ́fà ti ń wọ inú ara wọn lójoojúmọ́, tí àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey ń ra ọjà pẹ̀lú ọ̀kan tí wọ́n sì ń fi èkejì ránṣẹ́ sílé, àléébù yìí kì í ṣe ohun kékeré.

Ohun tó dùn mí ni pé irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Láti Java 1.4 ní ọdún 2002 ni Java ti ní táìpù kan tó ń jẹ́ Currency. Bí a bá bi í léèrè òǹkà mélòó ló wà lẹ́yìn ààmì, yóò dá 0 lóhùn fún sẹ́fà, yóò sì dá 2 lóhùn fún náírà. Ìlànà owó fún Java, JSR 354, tó parí ní ọdún 2015, so iye àti orúkọ owó pọ̀ nínú táìpù kan, bí a bá sì ní kó ro sẹ́fà pọ̀ mọ́ náírà, yóò kọ̀. Bí èmi bá fẹ́ tún ojú mẹ́tọ́ọ̀dù òkè yẹn kọ, báyìí ni yóò rí:

firanse(Olufiranse lati, Olugba si, Owo iye)

Mo yà Olufiranse sọ́tọ̀ kúrò lára Olugba. Bí mo bá fún àwọn méjèèjì ní táìpù kan náà, ká ní NonbaFoonu, a óò ti yọ String kúrò lóòótọ́, àmọ́ wọn yóò ṣì máa gbapò ara wọn. Mo sì ṣe Owo débi tí kò fi ní ṣeé dá sílẹ̀ àfi nípasẹ̀ Owo.sefa(5000) tàbí Owo.naira(50). Ẹni tó bá kọ 5000 lásán, kóòdù rẹ̀ kò ní kọjá. Èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ tún wà: a lè ya Owo<Sefa> sọ́tọ̀ kúrò lára Owo<Naira>, kí kọ̀ǹpáílà fúnra rẹ̀ kọ̀ láti pa wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà ló ń yan irú owó nígbà tó ń san án, ọ̀nà yìí yóò mú kóòdù lọ́jú pọ̀, ohun tí JSR 354 yàn sì bójú mu ju tèyí lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí owó. DHIS2, sọ́fítíwia tí yunifásítì Oslo ń darí tí wọ́n sì fi Java kọ, ni Niger àti Nàìjíríà fi ń kó ìròyìn ìlera jọ láti àwọn ilé ìwòsàn àdúgbò, irú àwọn tí Niger ń pè ní CSI. Iye kọ̀ọ̀kan tó bá wọ inú rẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ni a kà, níbo la ti kà á, nígbà wo? Lẹ́tà àti nọ́ńbà 11 ni ìdánimọ̀ ohun tí a kà. Mọ́kànlá náà ni ìdánimọ̀ ilé ìwòsàn tí a ti kà á. Oṣù sì máa ń wà bíi 202408. Bí ẹnì kan bá kọ láíbúrárì kékeré tó ń bá DHIS2 sọ̀rọ̀, tó sì gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní String, ó rọrùn láti fi ìdánimọ̀ ilé ìwòsàn sí ipò ìdánimọ̀ àìsàn ibà. Ẹ̀rọ tó wà lókè lè kọ̀ ọ́, torí kò ní rí irú ìdánimọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà wo ló máa kọ̀ ọ́? Ó di ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, tí ìròyìn oṣù bá fẹ́ gòkè, tí ẹni tó kọ kóòdù kò sí níbẹ̀. Bí táìpù mẹ́ta bá wà, orí tábìlì olùkóòdù ni àṣìṣe náà yóò ti fara hàn, nọ́ọ̀sì kò sì ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rí.

Láti ṣe ìdájọ́ òdodo fún Bloch, ìmọ̀ràn 62 rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má fi String dípò ohun tó ní táìpù tirẹ̀. Ó mọ àrùn náà. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ràn 51, nígbà tó sọ pé kí a ṣe táìpù olùrànlọ́wọ́, ohun tó fi ṣe ìdí rẹ̀ ni pé yóò dín iye ohun tí mẹ́tọ́ọ̀dù ń gbà kù, bíi káàdì ayò tí nọ́ńbà rẹ̀ àti àwòrán rẹ̀ jọ di ohun kan. Èyí ń jẹ́ kí òǹkàwé rò pé ohun kan ṣoṣo tó dá dúró kò nílò táìpù tirẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan ṣoṣo nílò rẹ̀. Ti Niger jẹ́ díjíìtì 8. Ti fóònù alágbèéká Nàìjíríà jẹ́ 11, òdo ló sì ń ṣáájú. Ẹni tó bá fi long tọ́jú ti Nàìjíríà ti sọ òdo náà nù.

Ìdí mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò fi ń ṣe táìpù kéékèèké nígbà náà: iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Java 9 ni ẹ̀dà kẹta bá dúró. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ṣe Owo ní láti kọ ìlà púpọ̀ kí Owo méjì tó bára dọ́gba tó lè mọ̀ pé àwọn bára dọ́gba. Láti Java 16, tó jáde ní ọdún 2021, ìlà kan ti tó fún ìyẹn:

record Owo(long iye, Currency iru) {}

Ẹni tó ń ka ìwé náà lónìí gbọ́dọ̀ fi èyí kún un. A kò lè dá Bloch lẹ́bi pé kò kọ nípa ohun tí kò tíì dé, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó fi sílẹ̀ torí pé ó náni lówó ti di ọ̀fẹ́.

Àlàfo kan ṣì kù. Agbára táìpù kò kọjá ẹnu ọ̀nà sọ́fítíwia. Ohun tó bá gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé, ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà lásán ni, kọ̀ǹpáílà kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìmọ̀ràn 49 ní kí a yẹ gbogbo ohun tí mẹ́tọ́ọ̀dù gbà wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn 51 sọ̀rọ̀ táìpù. Inú orí kan náà ni wọ́n wà, àmọ́ ìwé náà kò so wọ́n pọ̀ bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe rí i ni pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kí àyẹ̀wò náà wáyé, lẹ́nu ọ̀nà: kí a yẹ nọ́ńbà fóònù wò, kí a sọ ọ́ di NonbaFoonu, kí gbogbo mẹ́tọ́ọ̀dù tó wà nínú ilé sì máa béèrè NonbaFoonu, tàbí Olufiranse àti Olugba tí a ti inú rẹ̀ dá. Láti ìgbà náà lọ, ojú mẹ́tọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí pé àyẹ̀wò ti wáyé.

Ẹnì kan lè sọ pé táìpù yóò wá pọ̀ jù. Òótọ́ ni, Bloch náà sì kìlọ̀ dáadáa pé ohun tí láíbúrárì bá ní kí ènìyàn kọ́ jẹ́ ẹrù lórí ẹni tó ń lò ó. Ọ̀dọ́ inú Gamkalley yẹn kò ní fẹ́ kọ́ ogójì táìpù kó tó lè fi faranki kan ránṣẹ́. Ìlànà tí mo dábàá ni pé kí a fi táìpù bo ohun tó jẹ́ pé, bí a bá ṣì í mú, kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni títí ẹnì kan yóò fi pàdánù nǹkan. Owó wà nínú rẹ̀, ìdánimọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà nínú rẹ̀, òṣùwọ̀n oògùn náà wà nínú rẹ̀. Àkọlé ojú ewé kò sí níbẹ̀. String tó o.

Ní ìparí ọ̀rọ̀, ìwé tó yẹ ní rírà, tó sì yẹ ní títún kà ni Effective Java. Orí kẹjọ rẹ̀ kọ́ni ní ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ yìí: kí a má gbé ìdẹkùn sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níwájú wa. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó kọ́ wa bí ojú mẹ́tọ́ọ̀dù ṣe yẹ kó rí ju bó ṣe kọ́ wa ní ohun tó yẹ kó mọ̀. Pé 5000 nìkan kò tíì sọ iye owó, ẹni tó ń gbé láàárín náírà àti sẹ́fà ló tètè ń mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, àwọn tó ń kọ láíbúrárì ní Lagos, ní Cotonou, ní Lomé àti ní Niamey ni iṣẹ́ tó kù kàn. Kí wọ́n ka Bloch, kí wọ́n gba ìmọ̀ràn rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìmọ̀ tí ọjà wa ti kọ́ wọn sínú táìpù, níbi tí kọ̀ǹpáílà yóò ti máa sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá lò ó, èdè yòówù kó gbọ́.